Ta ló ti gun òkè dé ihò Antoni mímọ́ ní Íjíbítì rí? Màmá mi ló fẹ́ lọ o

ỌmọÌjẹ̀ṣà_Leeds:
Ẹ kú déédéé ìwòyí o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé ìbéèrè mi gùn díẹ̀. Èmi àtọkọ mi ti sanwó họ́lídè sí Hurghada ní Íjíbítì fún oṣù kọkànlá, ètò wa ò sì ju ká jẹun ká sùn ká jókòó sétí òkun lọ, àmọ́ màmá mi tó wá kí wa láti Iléṣà máa bá wa lọ, wọ́n sì ti rí fídíò kan lórí fóònù, ibi táwọn èèyàn ti ń gun àtẹ̀gùn lọ sínú ihò àpáta kan lórí òkè láàárín aṣálẹ̀, wọ́n ní ibẹ̀ ni Antoni mímọ́ gbé dọjọ́ ikú ẹ̀, pé òun ni bàbá gbogbo àwọn mọ́ńkì, ìyẹn àwọn tó ya ara wọn sọ́tọ̀ fún àdúrà tí wọn kì í gbéyàwó. Látìgbà yẹn la ò ti rímú mí nínú ilé. "Ṣé ẹ máa wá gbé mi dé Íjíbítì kí n máa wo omi ni? Ṣé kò sómi ní Leeds ni?" Ẹ ṣáà mọ àwọn màmá wa.

Ọmọ CAC pọ́ńbélé ni màmá, láti kékeré ni wọ́n ti ń gun orí òkè, Ìkejì-Arákeji níbi tí Ọlọ́run ti pe Wòlíì Babalọlá ní 1928 dà bí ilé lójú wọn, wọn ò sì gbà pé òkè kan wà láyé yìí tó lè dá àwọn dúró. Àmọ́ wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún o, orúnkún òsì máa ń ro wọ́n, wọ́n sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé òkè yẹn le tó bó ṣe rí nínú fídíò, báwo lèèyàn ṣe ń débẹ̀ láti Hurghada torí ẹni tó ń ta ìrìnàjò tí hòtẹ́ẹ̀lì júwe fún wa pe iye kan tí mo ní kó tún un pè, bóyá mi ò gbọ́ dáadáa ni. Ẹ̀kẹta, ṣé wọ́n máa ń jẹ́ kéèyàn ṣe ìṣọ́ òru níbẹ̀? Màmá ti ń di igò òróró sínú báàgì, wọ́n sì ti kọ orúkọ gbogbo ọmọ-ọmọ sínú ìwé.

Arìnkiri:
Mo ti débẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀, kì í ṣe irú òkè tí wọ́n ń fi okùn gùn. Àtẹ̀gùn ni látìsàlẹ̀ dókè, wọ́n fi simẹ́ǹtì àti òkúta ṣe é, irin wà téèyàn lè dì mú, àwọn ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn yẹn pọ̀! Ó lé ní 1,000. Kò sẹ́ni tí iye tó kà bá tẹnìkejì mu, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, nígbà tí mo dé ibì kan mo ní kí wọ́n máa gbé e lọ. Ihò yẹn fi bí 300 mítà ga ju ilé àwọn mọ́ńkì tó wà nísàlẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti gun Òkè Ìdànrè á mọ irú ẹ̀, àmọ́ ti Ìdànrè ò tó 700 àtẹ̀gùn, igi sì wà níbẹ̀ tó ń ṣíji boni. Ní ti ibí yìí, kò sígi kankan, kò sí kóríko, àpáta àti oòrùn ló kù.

Ní ti ọ̀nà, láti Hurghada ẹ máa gba etí Òkun Pupa lọ sókè títí ẹ máa fi dé Zafarana, ẹ máa mọ ibẹ̀ torí àwọn ẹ̀rọ onífẹ̀ẹ́ńfẹ́ tó ń fi atẹ́gùn ṣe iná mànàmáná tò lọ bẹẹrẹ nínú iyanrìn. Ibẹ̀ lẹ ti máa yà sọ́wọ́ òsì wọ inú aṣálẹ̀. Ẹ ka ìrìn náà sí nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin ní àlọ nìkan. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Káírò lè já yín sí Zafarana, àmọ́ látibẹ̀ kò sí mọ́tò èrò kankan tó ń wọlé, ẹ má dán an wò pẹ̀lú màmá. Ẹ háyà mọ́tò fún odindi ọjọ́, kí dírẹ́bà dúró dè yín, kẹ́ ẹ sì ti dúnàá dúrà parí kẹ́ ẹ tó jókòó, owó ìdúródeni náà kó wà níbẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá ti dénú aṣálẹ̀ kò tún sọ́jà mọ́ o. Ẹ mú páásì dání, àwọn ọlọ́pàá máa dá yín dúró lọ́nà láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Nísinsìnyí, ihò gan-an. Fídíò ò lè fi èyí han màmá. Iwájú ẹ̀ ní àyè kékeré kan téèyàn lè dúró sí wo gbogbo aṣálẹ̀ títí dé apá ibi tí òkun wà, àmọ́ ẹnu ọ̀nà tó wọnú ẹ̀ tóóró gan-an, ẹ̀gbẹ́ lẹ máa fi wọlé, ẹnìkan lẹ́yìn ẹnìkan, àpáta á máa rá yín láyà á máa rá yín lẹ́yìn, òkùnkùn birimù. Ògiri yẹn ti ń dán níbi tí èjìká àwọn èèyàn máa ń kàn, bí ẹni fi epo pa á. Ó tó bíi mítà méje kẹ́ ẹ tó jáde sínú yàrá kékeré tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀, pẹpẹ wà níbẹ̀, àbẹ́là, àwòrán àwọn ẹni mímọ́, àti bébà pélébé-pélébé táwọn èèyàn kọ àdúrà sí tí wọ́n ki bọnú ojú àpáta. Torí náà ìwé orúkọ ọmọ-ọmọ yẹn á wúlò. Ẹni tó bá sanra tàbí tí ẹ̀rù ibi tóóró máa ń bà, kó dúró síta, kò sí ìtìjú níbẹ̀, mo rí ọkùnrin géńdé kan tó yí padà láàárín méjì tó sì di wàhálà fún gbogbo àwa tá a wà lẹ́yìn ẹ̀.

Orúnkún ọ̀hún, bíbọ̀ ló máa yọ wọ́n lẹ́nu kì í ṣe lílọ. Ẹ wá ọ̀pá fún wọn, bàtà kánfáàsì tó dì mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ sì tètè gùn ún láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Ìyẹn ni pé ẹ gbọ́dọ̀ kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì ní ìdájí.

Bàbá_Ìbejì_Peckham:
Ẹ dákun ẹ gbé màmá lọ sí Òkè Sínáì jàre. Ibẹ̀ ni Mósè ti gba òfin, ta ni ò mọ Mósè? Ṣebí ti àwọn Kátólíìkì ni Antoni yìí, kí ló kan CAC níbẹ̀? Ní Sínáì, ràkúnmí wà tó máa gbé wọn, orúnkún ò ní mọ nǹkan kan. A gùn ún lóru, a sì rí bí oòrùn ṣe yọ lórí àwọn òkè yẹn, àwọn kan ń kọrin, àwọn kan ń sunkún, mi ò lè gbàgbé ẹ̀ láyé mi.

Kẹ́mi_ní_Káírò:
Ẹ̀gbọ́n Peckham, ẹ kú ìrántí, ibẹ̀ dáa lóòótọ́ àmọ́ ẹ má tan àbúrò wa o. Òkè Sínáì ga tó 2,285 mítà, ihò Antoni ò ju bí 680 lọ téèyàn bá wọ̀n ọ́n látorí òkun, ẹ fi wéra. Ràkúnmí yẹn náà ò dókè, ó níbi tó ń já èèyàn sí, àtẹ̀gùn 750 ló sì kù lẹ́yìn ẹ̀ tí kálukú máa fẹsẹ̀ ara ẹ̀ gùn. Ẹni tó bá sì ní ọ̀nà àtijọ́ táwọn mọ́ńkì fòkúta tẹ́ lòun máa gbà, 3,750 ló ń dúró dè é. Òtútù òru ibẹ̀ ní oṣù kọkànlá kì í ṣe ti orúnkún tó ń ro èèyàn. Yàtọ̀ síyẹn, òdìkejì òkun ni Sínáì wà sí Hurghada, Sharm el-Sheikh ló yẹ kẹ́ ẹ sùn sí tó bá jẹ́ ibẹ̀ lẹ̀ ń lọ.

Ẹ tún fetí sí ti físà. Òǹtẹ̀ ọ̀fẹ́ tí wọ́n máa ń lù fáwọn tó ni páásì Ìlú Ọba ní Sharm, àwọn ìlú etí òkun Sínáì nìkan ló wà fún, ẹ ò lè gbé e wọ Káírò tàbí ibi Antoni. Tẹ́ ẹ bá gba Hurghada wọlé físà gidi lẹ máa gbà, kò síṣòro níbẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ páásì Nàìjíríà ni màmá ń lò, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ tiwọn lọ́dọ̀ ẹ́mbásì láti ìsinsìnyí, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ tó kángun sí ìrìnàjò.

Antoni kì í ṣe ti Kátólíìkì nìkan o ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Íjíbítì ni, wọ́n bí i ní nǹkan bí 251, ó kú ní 356, ìjọ ò tíì pín nígbà yẹn. Àwọn Kọ́ptíìkì, ìyẹn àwọn Kristẹni ilẹ̀ Íjíbítì fúnra wọn, ló ni ilé mọ́ńkì tó wà nísàlẹ̀ òkè yẹn títí dòní.

Sheu_Ìlọrin:
Mùsùlùmí ni mí, ọ̀rọ̀ yìí kàn ń dùn mọ́ mi ni. Ìbéèrè tèmi ni pé tí ò bá sí igi, tí ò sí kóríko, kí ni bàbá yẹn ń jẹ níbẹ̀ tó fi dàgbà tó bẹ́ẹ̀? 356 yọ 251, ọdún 105 nìyẹn o! Ẹ bá wa gba àṣírí ẹ̀ 😂

Tíṣà_Àgbà:
Sheu, ìbéèrè gidi lo bi. Athanasius tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdríà nígbà náà ló kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹ̀. Ọmọ olówó ni Antoni, àwọn òbí ẹ̀ kú fi ilẹ̀ ọlọ́ràá sílẹ̀ fún un, tá a bá fi ìwọ̀n òde òní wọ̀n ọ́n ó tó bí 200 éékà. Ó wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kan ó gbọ́ tí wọ́n ń ka Mátíù 19:21, níbi tí Jésù ti sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin olówó pé kó lọ ta ohun tó ní kó fún àwọn tálákà, ló bá lọ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó gbé nínú ilé ológun àtijọ́ kan tó ti di ahoro fún bí ogún ọdún, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń gba òkè ju búrẹ́dì sí i. Nígbà tí èrò wá pọ̀ jù tí wọn ò jẹ́ kó gbádùn, ó bá àwọn ará aṣálẹ̀ tó ń kó ẹrù rìn dé òkè tá à ń sọ yìí. Omi wà nísàlẹ̀ òkè náà, ó mọ́ ó sì tutù, àwọn igi ọ̀pẹ díẹ̀ sì wà níbẹ̀. Omi yẹn ṣì ń sun títí dòní, òun làwọn mọ́ńkì ń lò.

Ibi tó wù mí jù nínú ìtàn náà nìyí. Ó rí i pé àwọn èèyàn ń jìyà kí wọ́n tó gbé búrẹ́dì wá bá òun, ló bá ní kí wọ́n bá òun wá ọkọ́, àáké àti hóró ọkà díẹ̀, ó wá ilẹ̀ kékeré kan tómi ń dé, ó ń dáko tiẹ̀. Nígbà tí àlejò ò tún yéé wá, ó gbin ẹ̀fọ́ kún un, kí ẹni tó bá rìn láti ọ̀nà jíjìn lè rí nǹkan fi sẹ́nu. Àwọn ẹran ìgbẹ́ wá ń wá mumi, wọ́n ń ba oko jẹ́, bàbá yìí rọra mú ọ̀kan nínú wọn, ó bi gbogbo wọn pé kí lòun fi ṣe wọ́n tí wọ́n fi ń ṣe òun báyìí, ó ní ní orúkọ Olúwa kí wọ́n má wá síbẹ̀ mọ́. Wọ́n ní wọn ò sì padà wá. Àgbẹ̀ ìlú wa tí màálù ń jẹ oko ẹ̀ á fẹ́ mọ àdúrà yẹn.

ỌmọÌjẹ̀ṣà_Leeds:
Háà ẹ ṣeun gan-an gbogbo yín, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ka ti Tíṣà sí màmá létí, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní "ẹ ò rí i pé àgbẹ̀ ni, ìpè ẹ̀ jọ ti Babalọlá, ẹnu iṣẹ́ ni Babalọlá wà tí Ọlọ́run ní kó fi ẹ̀rọ ìjọba tó fi ń tẹ títì sílẹ̀." Wọ́n ní àwọn máa gbé ọ̀pá. Páásì Nàìjíríà ni wọ́n ń lò o, a ò tíì bẹ̀rẹ̀ ti físà, ọkọ mi ti ń wò mí. Àmọ́ ẹ ò tíì dáhùn ti ìṣọ́ òru.

Kẹ́mi_ní_Káírò:
Mo fẹ́ fara balẹ̀ kọ ìyẹn ni, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà gan-an. Àbúrò, ẹ bá màmá sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ibẹ̀ kì í ṣe orí òkè bíi tiwa. Lọ́dọ̀ wa, orí òkè jẹ́ ibi téèyàn ń lọ ké pe Ọlọ́run, a ń pariwo, a ń pàtẹ́wọ́, a ń rìn lọ rìn bọ̀, ẹni tó dákẹ́ gan-an làwọn èèyàn á máa wò pé kí ló ṣe é. Níbí, torí kó lè sá fún ariwo èèyàn ni Antoni ṣe débẹ̀. Àwọn mọ́ńkì ṣì ń gbé nísàlẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì máa ń dá gbé nínú àwọn ihò tó jìnnà sí ilé ńlá, a lè má rí wọn rárá. Ohùn ń rìn gan-an nínú aṣálẹ̀. Mo ti rí ẹgbẹ́ kan, mi ò ní sọ ibi tí wọ́n ti wá àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì wọn jọ ti ilé wa, tí wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré dání dé àárín àtẹ̀gùn, mọ́ńkì kan tó ti dàgbà rọra sọ̀ kalẹ̀ wá bá wọn, kò bá wọn jà, ó kàn fìka sẹ́nu. Ojú tì mí fún wọn.

Kẹ́ ẹ gun ihò lóru, kò sí, ẹ gbé ìyẹn kúrò lọ́kàn. Sísùn sínú ọgbà wọn, ilé àlejò wà, àmọ́ ẹ ò lè ṣàdédé dé kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ sùn, ìyọ̀ǹda ni wọ́n ń gbà ṣáájú, ìlànà ti obìnrin sì lè yàtọ̀ sí tọkùnrin. Ohun tí màá gbà yín nímọ̀ràn ni pé kẹ́ ẹ wá ìjọ Kọ́ptíìkì kan ní Ìlú Ọba, wọ́n wà káàkiri níbẹ̀, kẹ́ ẹ ṣàlàyé fún àlùfáà wọn, òun ló lè bá yín kọ̀wé tàbí kó júwe ẹni tẹ́ ẹ máa pè. Ẹ béèrè ọjọ́ náà dáadáa, torí ààwẹ̀ Kérésì tiwọn máa ń bẹ̀rẹ̀ ní 25 oṣù kọkànlá, ó ń lọ títí di 7 oṣù kìíní tí wọ́n ń ṣe Kérésì, tí ààwẹ̀ bá sì ti wọlé àwọn ilé mọ́ńkì kan kì í gbàlejò bí wọ́n ṣe ń gbà á tẹ́lẹ̀. Àwọn èèyàn yìí mọ ààwẹ̀ o, ti Àjíǹde nìkan 55 ọjọ́ ni, kò séran, kò sí wàrà, kò séyin.

Aṣọ tó bo èjìká àti orúnkún. Bàtà kúrò lẹ́sẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òróró màmá ò ní dá ìjà sílẹ̀, àwọn náà ń fi òróró gbàdúrà, kí wọ́n ṣáà má dà á sórí àpáta.

Arìnkiri:
Kẹ́mi ti sọ gbogbo ẹ̀. Ohun kan tí mo gbàgbé, ẹ má jẹ́ kí òkè jẹ gbogbo àkókò yín. Tí màmá bá dé ìdajì tí orúnkún ní ó tó, kí wọ́n padà sínú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀. Àwòrán tó wà lára ògiri ibẹ̀, ẹnìkan tó ń jẹ́ Theodore ló ya èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ní 1232 sí 1233. Èéfín àbẹ́là àti tùràrí ti bò ó dúdú fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó mọ̀ nípa iṣẹ́ náà ló wá fi sùúrù nu ún ní àwọn ọdún 1990, àwọ̀ ẹ̀ wá yọ bí ẹni pé àná ni wọ́n kùn ún. Àwọn jagunjagun mímọ́ lórí ẹṣin, ojú ńláńlá. Ẹ ní kí wọ́n fi ibi tí wọ́n ti ń fi okùn fa èèyàn àti ẹrù gòkè hàn yín náà, torí láyé àtijọ́ ògiri yẹn ò ní ilẹ̀kùn nísàlẹ̀ nítorí àwọn adigunjalè aṣálẹ̀, àlejò á jókòó sínú nǹkan kan, wọ́n á máa fi okùn fà á sókè.

Bàbá_Ìbejì_Peckham:
Ó dáa, mo gbà fún yín. Àmọ́ mo gbọ́ pé ilé mọ́ńkì kejì wà nítòsí tó jẹ́ ti Pọ́ọ̀lù, ṣé wọ́n lè fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà?

Tíṣà_Àgbà:
Kì í ṣe Pọ́ọ̀lù àpọ́sítélì o, Pọ́ọ̀lù ará Tébésì ní Íjíbítì ni, ìtàn ní ó ṣáájú Antoni dé aṣálẹ̀. Jerome ló kọ ọ́ pé ẹyẹ ìwò kan ń gbé ààbọ̀ búrẹ́dì wá fún un lójoojúmọ́, bíi ti Èlíjà, lọ́jọ́ tí Antoni wá kí i ló gbé odindi wá. Mo fẹ́ràn ẹyẹ yẹn, ó mọ̀ pé àlejò dé.

Arìnkiri:
Fẹsẹ̀ rìn ẹ̀ kẹ̀? Nínú mápù ẹ̀yìn òkè kan náà ló wà, àmọ́ àárín méjèèjì fẹ̀ tó ọgbọ̀n kìlómítà, àpáta àti àfonífojì gbígbẹ ni gbogbo ẹ̀, kò sómi. Àwọn tó mọ òkè gùn máa ń rìn ín, wọ́n á sùn sójú ọ̀nà, afinimọ̀nà tó mọ ilẹ̀ ibẹ̀ sì ni wọ́n ń bá lọ, ẹni tó bá dá a lọ ń wá ikú ni. Mọ́tò ń yí òkè náà ká gba etí òkun, ó jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fún màmá, ibì kan tó.

ỌmọÌjẹ̀ṣà_Leeds:
A ti sún ọjọ́ wa sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá kí ààwẹ̀ yẹn má bá wa níbẹ̀, mo sì ti rí ìjọ Kọ́ptíìkì kan tí kò jìnnà sí wa, ọ̀la ni mo fẹ́ lọ. Màmá ní tí wọn ò bá lè pariwo, àwọn á máa gbàdúrà nínú, àmọ́ kí n bá àwọn béèrè bóyá wọ́n ń ta oúnjẹ lórí òkè.

Kẹ́mi_ní_Káírò:
Lórí òkè kò sí o. Ṣọ́ọ̀bù kékeré wà nísàlẹ̀ nínú ọgbà, omi ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà kẹ́ ẹ tó gùn, igò méjì-méjì fún ẹnìkan. Oúnjẹ, ẹ dì í láti hòtẹ́ẹ̀lì, kẹ́ ẹ fi ti dírẹ́bà kún un.